Nọ́ńbà Mẹ́rin Ni Mo Fi Gba Mọ́tò Ìyàwó Ọ̀gá Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi. Èébú tó tọ́ sí mi pọ̀, n kò sì fẹ́ kó tètè rẹ̀ yín.

Mẹkáníìkì ni mí. "Dókítà" ni àwọn oníbàárà ń pè mí, orúkọ náà sì ti wọ̀ mí lára débi pé tí ẹnikẹ́ni bá pè mí ní mẹkáníìkì lásán, n kì í tètè dáhùn. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ti di olóògbé láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìyàwó wọn ni wọ́n fi sílẹ̀ lọ. Màmá ni mò ń pè wọ́n, ọmọ mi ni wọ́n sì ń pè mí.

Ohun kan ń dùn mí nígbà náà. Mẹkáníìkì ni mí, n kò ní mọ́tò. Mọ́tò gbogbo àdúgbò ni mò ń tún ṣe láti àárọ̀, tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ sílé. Bí èmi àti ìyàwó mi bá lọ kí àwọn òbí rẹ̀, bàbá rẹ̀ á ti rí wa lọ́ọ̀ọ́kán, tí òógùn ń ṣàn lójú mi.

"Ẹ bu omi fún mẹkáníìkì wa o," ni wọ́n á wí. "Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti gbóná."

Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi náà á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi á máa hó.

Màmá ní mọ́tò. Wọ́n fi ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ọkọ̀ wíwà ni, òun nìkan sì ni iṣẹ́ wọn. Mọ́tò aláwọ̀ búlúù ni, Ọ̀gá fúnra wọn ló fọwọ́ ara wọn tò ó láti ìdí dókè. Wọ́n kọ ọ́ sí i lẹ́yìn pé "Ẹ Má Bínú, Akẹ́kọ̀ọ́ Ni." Tí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ ó rí ohun tí ẹ kò lè rí lára mọ́tò mìíràn. Gbogbo ìgbà tí Ọ̀gá bá ti wọn agbára ẹ́ńjìnnì náà, wọ́n á fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà mẹ́rin sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú oṣù àti ọdún. Ìlà mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Mo máa ń wo àwọn nọ́ńbà yẹn, itọ́ á sì máa dà lẹ́nu mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Màmá wa mọ́tò náà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.

"Ọmọ mi, bá mi wo nǹkan yìí. Ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Ọ̀dọ̀ Dókítà lẹ gbé e wá."

"Fífọkàn balẹ̀ kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ mi. Ọmọkùnrin mi ti kó ẹrù kúrò ní yàrá ẹ̀yìn ilé rẹ̀, ó ní kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, kí n máa bá ìyàwó òun tọ́jú ọmọ. Ohun tó ń wá kò ju àwáwí kan lọ. Tí mọ́tò yìí bá kú, mo di ẹni yàrá ẹ̀yìn nìyẹn."

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò pẹ́ tí mo fi rí àìsàn náà. Púlọ́ọ̀gì kẹta ni, tánganran funfun ara rẹ̀ ti là. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ṣùgbọ́n òfin Ọ̀gá ni pé tí o bá ti yọ púlọ́ọ̀gì, kí o kọ́kọ́ wọn agbára ẹ́ńjìnnì ná kí o tó fi tuntun sí i. Ni mo bá lọ mú gééjì mi tó wà nínú ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo fara pamọ́ sí jalè. Inú ẹ́ńjìnnì yẹn ní yàrá mẹ́rin. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, pístìn kan ń gòkè, ó ń sọ̀, ó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Tí o bá ki ẹnu gééjì bọ ihò púlọ́ọ̀gì, tí ẹnìkan sì ń yí kọ́kọ́rọ́ nínú mọ́tò, gééjì á sọ bí yàrá náà ṣe lágbára tó. Yàrá tí ara rẹ̀ dá á mú 170 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yí kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ tẹ iná tó ń mú mọ́tò sáré dénú, torí iná tó tẹ̀ yẹn ló ń ṣílẹ̀kùn fún afẹ́fẹ́. Tí kò bá tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀kùn á wà ní títì, pístìn kò ní rí nǹkan fún pọ̀, ẹ́ńjìnnì tó le koko á sì máa ka nọ́ńbà òkú.

Màmá ló jókòó sídìí ọkọ̀. Mo ní, "Ẹ yí i, Màmá." Wọ́n yí i. Gééjì gòkè, ó dúró sórí 110.

Ọlọ́run ló mọ̀ pé n kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ìyẹn. Mo gbàgbé láti ní kí wọ́n tẹ iná ni. Mo ti lanu láti sọ ọ́ nígbà tí mo rí ojú Màmá lójú fèrèsé mọ́tò.

"Kí ló dé? Ó burú ni?"

Ẹnu tí mo là sílẹ̀ yẹn, n kò mọ ẹni tó bá mi pa á dé. Mo wo mọ́tò búlúù náà. Mo rí ara mi nínú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé àna mi, tí mo gbé ọwọ́ kan lé ojú fèrèsé.

"Màmá," ni mo wí, mo sì mi orí bí dókítà gidi, "ẹ jẹ́ ká wo ìyókù ná."

Ní yàrá kejì, wọ́n bi mí léèrè. Ẹni tó ń kọ́ ènìyàn ní mọ́tò wíwà ni wọ́n, ẹsẹ̀ wọn kò mọ bí a ṣe ń jókòó lásán.

"Ọmọ mi, ṣé kí n tẹ iná ni?"

"Rárá o, Màmá. Ẹ fẹsẹ̀ yín sílẹ̀."

Gbólóhùn náà nìyẹn. Kò gùn. Ojú mi kò tilẹ̀ ṣẹ́.

Mo wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. 110, 115, 110, 115. Mo tún da epo ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sínú yàrá kan kí eré náà lè dùn. Nọ́ńbà gòkè díẹ̀, torí epo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo wá gbé ọwọ́ lé àyà.

"Ríìngì ti jẹ tán, Màmá. Fáàfù náà ti lọ. Ẹ́ńjìnnì yìí ti kú, ìrìn tó ń rìn yìí, ìrìn òkú ni."

Wọn kò sunkún. Wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n wá wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìlà mọ́kànlá tí ọkọ wọn kọ. Wọ́n ní, "Kọ ọ́ síbẹ̀, bí Ọ̀gá rẹ ṣe máa ń kọ ọ́."

Mo fẹ́ yẹ̀ ẹ́. Wọ́n dúró tì mí títí mo fi wá ọ̀dà, mo sì kọ irọ́ mi sí abẹ́ òtítọ́ Ọ̀gá, èmi tí ìkọ̀wé mi kì í tilẹ̀ tọ́ rí. Ọjọ́ yẹn, ó tọ́.

Èrò mi ni láti dúró díẹ̀ kí n tó ní kí wọ́n ta òkú irin náà fún mi. Màmá kò jẹ́ kí n ṣe wàhálà kankan. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú ìwé mọ́tò wá.

"Gbé e. Mi ò fẹ́ kí àwọn onírin àlòkù fi òòlù fọ́ ọ lójú mi. Ìwọ lo kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tò ó. Tó o bá lè jí i, jí i. Tí o ò bá lè jí i, sin ín."

Mo fẹ́ rà á ní ẹ̀dínwó, wọ́n fún mi lọ́fẹ̀ẹ́! Ojú ì bá tì mí, àmọ́ inú mi ń dùn jù.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo fi pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi bo mọ́tò náà ní tapólì. Àárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, mo máa ń fi sípánà lu dúrọ́ọ̀mù òfìfo kan lábẹ́ tapólì, kí àwọn aládùúgbò lè gbọ́ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń ran aṣọ lójúde wa tilẹ̀ ní kí n rọra o, kí n má ṣe pa ara mi. Mo ní kò sí ohun tí n kò lè ṣe nítorí Ọ̀gá mi.

Nígbà tí mo gbé e jáde, mo wà á tààrà lọ sí ilé àna mi. Mo tẹ họ́ọ̀nù lẹ́nu géètì títí gbogbo ilé fi jáde. Bàbá ìyàwó mi yí mọ́tò náà ká lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni wọ́n wí. "Àna mi ti wá di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin."

Gbogbo ilé tún rẹ́rìn-ín. Ẹ ò rí i? Ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀, tó bá gun ẹṣin, wọ́n á ní ẹṣin náà ló gbọ́n jù ú lọ.

Bí mo ṣe ń tẹ họ́ọ̀nù kiri, akẹ́kọ̀ọ́ Màmá ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú mẹ́fà, ó ku méjì. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ kí wọn, mo bá wọn ní pálọ̀. Ìyá kan tó sanra jókòó sórí àga oúnjẹ, ó di ọmọrí ìkòkò mú lọ́wọ́ méjèèjì. Màmá jókòó ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ rọra yà sọ́tùn-ún," ni Màmá ń wí. "Kí ẹ tó yà ńkọ́? Ẹ ò wo gíláàsì?"

Ìyá náà gbójú sókè, ó wo kàlẹ́ńdà ara ògiri, ó wá yí ọmọrí ìkòkò sọ́tùn-ún. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo bá wo ilẹ̀. Màmá rí mi. Wọ́n ní, "Báwo ni ọmọ wa aláwọ̀ búlúù?" Mo ní ara rẹ̀ ti ń yá díẹ̀díẹ̀.

Lálẹ́ yẹn, ìyàwó mi sọ fún mi pé, "Tí o bá ti jí mọ́tò náà lóòótọ́, kí ló dé tí o kò lè fún Màmá lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀?"

"Ẹ́ńjìnnì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú palẹ̀ tí mo tún tò? Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀?"

"Ojoojúmọ́ kọ́ ni ìwọ náà ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀?"

Mo ní obìnrin kò mọ ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Mo sì gbàgbé pé obìnrin kan ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀ kí n tó di onímọ́tò.

Irọ́ kì í sùn, ẹ̀yin ènìyàn mi. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò tilẹ̀ pé oṣù mẹ́ta.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni. Màmá fẹ́ lọ rí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ ńlá kan, bóyá wọ́n á gbà wọ́n síṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ wọn ti sọ pé òun ń gbé ọkọ̀ akẹ́rù bọ̀ lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n di ẹrù wọn sílẹ̀. Iṣẹ́ yẹn nìkan ló kù tó lè dá ọkọ̀ akẹ́rù náà padà. Èmi Dókítà, aláàánú, ni mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbé wọn lọ. Mo gbé Màmá sínú mọ́tò Màmá, mo sì ń retí kí wọ́n dúpẹ́. Wọ́n dúpẹ́ o! Wọ́n tilẹ̀ ń gbàdúrà fún mi.

Báyìí ni ẹnì kan rìn kọjá níwájú wa, mo tẹ họ́ọ̀nù. Họ́ọ̀nù tí n kì í fún nísinmi yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ké, kò sì dákẹ́ mọ́. Mo lu ìdarí ọkọ̀, kò dákẹ́. Mo yí i sọ́tùn-ún sósì, ó tún gbé ohùn sókè. Gbogbo ẹni tó wà lójú pópó ń wò wá.

"Yà síbẹ̀ yẹn," ni Màmá wí. "Ṣọ́ọ̀bù Rewáyà kọ́ nìyẹn?"

Ibi tí n kò fẹ́ yà sí gan-an ni. Èmi àti Rewáyà yìí la jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá. Kò fẹ́ràn gíríìsì, ló bá fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ó lọ kọ́ iṣẹ́ iná mọ́tò. Mo máa ń pè é ní ọmọge. Ó kí Màmá dáadáa, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó já wáyà kan, họ́ọ̀nù dákẹ́. Mo ní, "Ó ti tó, a ti pẹ́." Kò dá mi lóhùn. Ó ti gbójú sókè sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń kà.

"Ta ló kọ ti ìsàlẹ̀ yìí?"

"Ọmọ mi ni," ni Màmá wí. "Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì kú."

"Ẹ́ńjìnnì wo ló kú, Màmá?"

"Èyí náà. Òun ló tú u palẹ̀ tó sì tò ó."

Rewáyà tẹ̀ wò ó. Ó fi ìka ra orí àwọn bóòtì ẹ́ńjìnnì, ó gbé ìka náà fún wa wò. Ekuru àtijọ́ ni, ó ti ki mọ́ epo.

"Bóòtì yìí kò tíì rí sípánà láti ìgbà tí Ọ̀gá ti wà láyé. Màmá, ẹ wá gbọ́. Tí yàrá kan bá wálẹ̀, yàrá yẹn ló ń ṣàìsàn. Tí méjì tó fara kanra bá wálẹ̀, ògiri àárín wọn ló jò. Ṣùgbọ́n tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wálẹ̀ lọ́gbọọgba, tí mọ́tò sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá láì rú èéfín, ẹni tó wọ̀n ọ́n ló ń ṣàìsàn. Ọ̀gá sọ ọ́ fún wa tó ìgbà mẹ́wàá."

"Agbára bátìrì ló lọ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn," ni mo wí kíákíá.

"Ó dáa. Níbo ni gééjì rẹ wà?"

"Ó wà nílé."

"Ó wà ní búùtù," ni Màmá wí. "Nínú ìbọ̀sẹ̀ kan. Mo rí i nígbà tí mo ń gbé báàgì mi sí i."

Wọn kò tíì fura sí mi rárá. Wọ́n ń ràn mí lọ́wọ́ ni.

Rewáyà yọ púlọ́ọ̀gì, ó ki gééjì bọ̀ ọ́. Ó ní kí Màmá jókòó sídìí ọkọ̀, kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, kí wọ́n má tẹ iná. 110. Ó wá ní, "Ẹ tẹ iná dénú, Màmá, kí ẹ tún yí i." Gééjì fò sókè, ó dúró sórí 172.

Màmá wo gééjì láti ẹnu ilẹ̀kùn mọ́tò. Wọ́n ní, "Tún un ṣe." Ó tún un ṣe. Wọ́n ní kó lọ sí yàrá tó kàn. Bí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, ó wálẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ó gòkè. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n yẹ̀ wò, wọn kò yára, bí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ènìyàn níṣẹ́. Àwọn oníbàárà Rewáyà ti pé yí wa ká.

"Dókítà yìí mà dára o," ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Ó dí aláìsàn nímú, ó wá ní kò lè mí."

Ẹ̀rín sọ. Màmá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n yíjú sí mi.

"Mo bi ọ́ lọ́jọ́ yẹn pé ṣé kí n tẹ iná. Kí lo wí?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo táyà.

"Mo ní kí lo wí?"

"Mo ní kí ẹ fẹsẹ̀ yín sílẹ̀, Màmá."

"O mọ ohun tó ò ń ṣe?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Màmá."

Mo ti múra sílẹ̀ de ìgbájú. Mo tilẹ̀ ń fẹ́ ẹ, torí ẹni tí ìyá bá gbá létí, ọmọ ni síbẹ̀. Wọn kò gbá mi. Wọ́n na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí Rewáyà dá púlọ́ọ̀gì padà tán, wọ́n tún ìjókòó tò sí ìwọ̀n ara wọn, wọ́n tún gíláàsì ṣe, wọ́n wo ẹ̀yìn dáadáa kí wọ́n tó jáde sójú pópó. Ọ̀nà ilé wọn ni wọ́n gbà, wọn kò lọ sí ibi iṣẹ́ mọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù ọmọ wọn dé lọ́jọ́ kejì, òfìfo ni wọ́n dá a padà.

Ìròyìn kò gba mọ́tò kó tó rìn. Kó tó di ọjọ́ Ajé, àwọn oníbàárà tó bá gbé mọ́tò wá sọ́dọ̀ mi ń dúró tì mí, wọ́n ń ka gbogbo ohun tí mo bá fọwọ́ kàn. Aránṣọ ojúde wa bi mí pé báwo ni dúrọ́ọ̀mù mi. Ìyàwó mi kò bá mi jà. Ó kàn ń wò mí nígbà tí mo bá sọ̀rọ̀, bí ẹni ń wá ibi tí irọ́ wà nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iyọ̀ ni mo ní kó gbé fún mi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, tí ẹ ní iṣẹ́ ọwọ́ tí ẹlòmíràn kò mọ̀, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹni tí kò mọ̀ tó sì gbà yín gbọ́, ẹ̀mí rẹ̀ ló gbé lé yín lọ́wọ́. Ẹ má ṣe bíi tèmi. Ojúkòkòrò ló sọ mí di ohun tí mo dà.

Lẹ́yìn oṣù kan, mo lọ bẹ Màmá. Mo bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ń dúró dè wọ́n, mọ́tò búlúù sì ń dán.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ni wọ́n wí. "Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Mo bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tó tẹ̀lé mi wá. Kò sí ẹnì kankan.

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀bẹ̀ títí omi fi jáde lójú mi. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa tọ́jú mọ́tò náà fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́ títí ayé, kí n lè fi san ẹ̀ṣẹ̀ mi. Wọ́n fi sùúrù gbọ́ mi dópin. Wọ́n tilẹ̀ fún mi ní aṣọ ìnujú.

"Mo ti dárí jì yín láti ọjọ́ yẹn," ni Màmá wí. "Ṣùgbọ́n mọ́tò yìí ni mo fi ń jẹun, sà. Mi ò lè fi oúnjẹ mi dán ìdáríjì wò."

Wọ́n mú báàgì wọn, wọ́n sì jáde lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn.